Okùn Tí Wọn Kò Fi Dè Wá

Bí o bá ń wá mi ní Ọjà Tuntun, má yọ ara rẹ lẹ́nu láti béèrè. Wá ọkùnrin tí ojú rẹ̀ dà bí ajere, ìkòkò oníhò tí àwọn ìyá wa ń lò nídìí ààrò. Èmi nìyẹn. Àwọn ọmọ kéú tí mò ń kọ́ ń pè mí ní Àáfà Alájere lẹ́yìn mi, wọ́n rò pé n kò gbọ́. Mo gbọ́. Ojú ni ilẹ̀gbóná bá jà, kì í ṣe etí.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kọjá ló mú mi gbé kálàmù. Wọ́n ní àlejò burúkú yẹn ti tún dé sí àwọn abúlé òdìkejì odò Asà, àti pé bàbá kan ládùúgbò wa ti rí àmì rẹ̀ lára ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó sì ti gbé e pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, láàárín àwọn ẹlẹ́hàá. N kò ní dárúkọ bàbá náà, ó mọ ara rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó mọ̀ ni pé èmi náà ti gbé ibẹ̀ yẹn rí, tòun ti irùngbọ̀n, tòun ti ìbòjú. Kó fara balẹ̀ kà á. Bí kò bá mọ̀wé, kó wá ẹni tí yóò kà á fún un, ṣùgbọ́n kí ẹni náà dúró níta o.

Ìgbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀dó ni. Mo ti lé díẹ̀ lógún ọdún. Onílántànà ni wá nílé wa: òkúta pupa là ń gé wẹ́wẹ́, à ń lu ihò sí i, à ń yún un lórí ọlọ títí yóò fi dán, tí yóò fi di ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyàwó ń fi ṣẹ̀ṣọ́. Bàbá mi ti kú. Ìyá mi ló kù, àti Ìyá Àgbà tó bí bàbá mi, àti Aṣíáwù, àbúrò mi obìnrin kan ṣoṣo, tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò ju oṣù méjì lọ mọ́.

Kí àìsàn náà tó wọ ìlú, ìjọba ti rán àwọn kan sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ họ ènìyàn lápá kí ilẹ̀gbóná má baà lè mú un. Èmi náà lọ tò. Mo tò láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn fi kan àtàrí. Bí ìlà yẹn ṣe ń rìn, ìgbín tó bá gbéra nígbà náà ìbá ti dé Ọ̀fà. Ọkùnrin tó wà níwájú mi wá yíjú padà, ó ní ṣé mo mọ̀ pé àmì owó orí ni wọ́n ń fi sí wa lára, pé ẹni tí wọ́n bá ti họ kò lè sá mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ka orí. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ní irọ́ ni, pé àmì ológun ni, ojú ogun ni wọ́n ń kó irú wọn lọ. Èmi tí mo ti ka kùránì parí, tí mo sì ti ń kọ́ ìwé òyìnbó, mo gba àwọn méjèèjì gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀. Títí di òní, n kò tíì tọ̀ tán.

Mi ò fi ṣe àwáwí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé nínú gbogbo àwọn tó ń họ apá lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó la ẹnu sọ ohun tí ó wà fún. Wọ́n ń fa ọwọ́ ènìyàn bí ẹni ń fa ewúrẹ́ ni.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo jókòó ti ọlọ, tí mò ń yún ìlẹ̀kẹ̀ ìgbéyàwó Aṣíáwù, tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Mo ní ìtẹ̀ba orí ọlọ ni. Orí tẹ̀ lé e, bí ẹni pé wọ́n ń lu ihò sí òun náà. Ara mi gbóná, mo sì ń gbọ̀n. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ara fúyẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè oúnjẹ, gbogbo ilé ń sọ pé àlùhámdúlílà. Ìyá Àgbà nìkan ni kò sọ ọ́. Ó gbá àgbọ̀n mi mú, ó yí ojú mi sí ìmọ́lẹ̀, ó wo iwájú orí mi pẹ́. Ojú tirẹ̀ náà ní ihò, nítorí ó ti ṣe é nígbà tó wà lọ́mọdé, àìsàn náà kì í sì í mú ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ju ọwọ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, nítorí láìpẹ́ n kò ní lè sùn lórí ẹní.

Ẹ̀yin tí ẹ rí àmì yìí lára yín, ẹ gbọ́: ibà tó bá gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ tó sì tún fi í sílẹ̀ lójijì kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ó lọ pe àwọn ẹbí rẹ̀ wá ni.

Nígbà tí àwọn ẹbí náà dé, kò sí ibi tí wọn kò jókòó sí lára mi, títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, títí dé inú ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Àbúrò ìyá mi gbé omi wàláà wá, èyí tí wọ́n fi fọ pátákó ìkọ̀wé kéú, ó ní kí n mu ún láràárọ̀, mo sì mu ún. Mágàjí, olórí agbo ilé wa, ní òrí ni kí wọ́n fi pa mí lára. Aya rẹ̀ ní òrí kọ́, ìyẹ̀fun osùn ni. Wọ́n jiyàn lé mi lórí títí mo fi rò pé wọ́n ti gbàgbé pé mo wà lábẹ́ ìjiyàn náà. Ìyá Àgbà lé gbogbo wọn jáde, ó ń fún mi ní ẹ̀kọ tútù àti omi, ó ń lé eṣinṣin, kò sì jẹ́ kí n họ ara. Mo sọ ọ́ fún yín pé iṣẹ́ ìyá arúgbó yẹn ló gbé mi ró. Àdúrà rẹ̀ kò sì kéré.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn nìkan ló ń bà wá lẹ́rù. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni wọ́n rí i lára Bùráímọ̀ olóbì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Àwọn dógárì, ẹ̀ṣọ́ ààfin tí ìjọba ń rán níṣẹ́, wá dè é lọ́wọ́ méjèèjì bí olè nítorí pé ó ń ṣe ìrànrán, wọ́n fà á gba àárín ọjà lọ sí àgọ́ tí ìjọba pa sí ẹ̀yìn odi. Wọ́n sọ iná sí yàrá rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tí a tún gbúròó rẹ̀, ó ti kú. Ta ló wẹ̀ ẹ́? Ta ló kírun sí i lára? Kò sí ẹni tó mọ̀. Ìyá mi ti gbà pé mo lè kú, nítorí gbogbo wa la ó kú. Ohun tí kò lè gbà ni kí n kú bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé mi pamọ́. Ní Ìlọrin yìí, ẹ mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti mọ̀ ọ́n, kò sí dógárì tó jẹ́ fi ọwọ́ kan aṣọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn ẹlẹ́hàá. Òyìnbó pàápàá kì í dán an wò. Wọ́n bá gbé mi lọ sí ìyẹ̀wù àwọn obìnrin, wọ́n da ìbòjú dúdú bò mí láti orí délẹ̀, wọ́n sì ní kí n di ìyàwó ilé títí Ọlọ́run yóò fi ṣe ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà náà, àfi pé ẹ̀rín ń dun ètè mi.

Dógárì tó wá yẹ ilé wa wò ń jẹ́ Àbú. Ìyá Àgbà ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ń pọ̀n ọ́n. Ó dúró lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó béèrè bóyá olókùnrùn wà nínú ilé. Ìyá Àgbà ní kó wọlé wá wò ó fúnra rẹ̀ bí kò bá bẹ̀rù Ọlọ́run. Àbú ní rárá, òun ò wí bẹ́ẹ̀, òun kàn fẹ́ kí àwọn ìyá òun ni. Ó bá kí wa ní sálámà. Ibà ti gbé ọgbọ́n orí mi lọ. Mo gbọ́ sálámà, mo sì dáhùn, gbàùngbàùn, bí ládàání.

Àbú ní, "Ìyá, ta nìyẹn?"

Ìyá Àgbà ní, "Àǹtí ìyá Aṣíáwù láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Òtútù ti ba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jẹ́. Wálááì."

Àbú lọ. Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ìtanràn ìbúra èké. Ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú ẹnu gbígbẹ, ó jókòó tì mí, ó ní, "Ọkọ mi, bí o bá tún fẹ́ dáhùn sálámà, fi ohùn obìnrin dáhùn. N kò lágbára ààwẹ̀ mìíràn."

A rò pé a ti gbọ́n ju ìjọba lọ. Ohun tí a kò rò ni pé ìyẹ̀wù yẹn kò ní fèrèsé, àti pé obìnrin mẹ́rin ló ń sùn nínú rẹ̀ pẹ̀lú mi. Mẹ́ta nínú wọn ti ṣe àìsàn náà rí nígbà èwe. Aṣíáwù kò tíì ṣe é. Òun ló sì ń bu omi sí mi lẹ́nu.

Egbò ara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ nígbà tó gbé ẹ̀kọ wá ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní ẹ̀yìn ń ro òun. Ó ní bóyá nítorí igbá omi tí òun rù ni. Ọ̀rọ̀ ìtẹ̀ba tí èmi náà sọ gan-an nìyẹn. N kò lè jẹ ẹ̀kọ náà. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni mo rí àmì náà níwájú orí rẹ̀.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ilẹ̀gbóná dun àwọn. Ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó dùn mí tó kókó pupa kékeré yẹn lórí awọ tí kì í ṣe tèmi. Èmi ni mo mú un wá fún un. Mo gbé e wọ ibi tí kò ti lè sá fún un, lábẹ́ ìbòjú tí wọ́n fi ń dáàbò bò ó.

Mo ní kí wọ́n bá mi pe Àáfà Sánúsí, olùkọ́ mi. Ó wá, ó jókòó sí òdìkejì aṣọ. Òun náà fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Ó ní, "Wọ́n ní ìyàwó tuntun kan wà níbí tí ohùn rẹ̀ ń mi òrùlé."

Mo ní, "Àáfà, ó ti ran Aṣíáwù."

Mo sọ fún un pé mo fẹ́ kí a lọ sí àgọ́, àwa méjèèjì, kí ó má baà ran ọmọ mìíràn nínú agbo ilé. Ìyá mi bú sẹ́kún. Ó ní ta ló rí sàréè Bùráímọ̀, kí wọ́n fi hàn òun kí òun tó jẹ́ kí ọmọ òun méjèèjì lọ. Àáfà dá a lóhùn pẹ̀lẹ́ pé Ànábì ti kọ́ wa tẹ́lẹ̀ pé kí a má wọ ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn wà, kí ẹni tó wà níbẹ̀ má sì sá jáde.

Ó ní, "Nínú ohun tí òyìnbó ń ṣe yìí, yíya aláìsàn sọ́tọ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Okùn yẹn ni àjèjì. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá wọn sọ ọ̀rọ̀ okùn."

Mágàjí bá a lọ, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ìyókù. Wọ́n kọ́kọ́ dé ààfin, ààfin rán wọn lọ sọ́dọ̀ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó. Dókítà ìjọba wà níbẹ̀, ògbufọ̀ kan sì dúró láàárín. Àáfà ní òun mọ ibi tí olókùnrùn méjì wà, òun sì fẹ́ mú wọn jáde. Ó ní ṣùgbọ́n kí wọ́n má de ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má sì sun yàrá ẹnikẹ́ni. Kí àgọ́ obìnrin yàtọ̀ sí ti ọkùnrin, kó sì ní aṣọ ẹnu ọ̀nà. Kí ẹbí tó ti ṣe àìsàn náà rí lè bá èèyàn rẹ̀ lọ. Kí oúnjẹ máa ti ilé wá. Ẹni tó bá sì kú, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ti ṣe é rí wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n kírun sí i lára, kí àwọn ará ilé rẹ̀ sì mọ ibi tí sàréè rẹ̀ wà.

Ajẹ́lẹ̀ ní òfin ni òfin. Àáfà yíjú sí ògbufọ̀.

Ó ní, "Sọ fún un pé òfin tó ń mú kí ìyá gbé ọmọ rẹ̀ pamọ́, àrùn ló ń bá ṣiṣẹ́."

Ògbufọ̀ wo ilẹ̀. Nígbà tó sọ tirẹ̀ tán, ajẹ́lẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí wọ́n kí Àáfà fún ẹ̀mí ìtẹríba rẹ̀. Mágàjí ní òun rí i pé ọ̀rọ̀ ti sọ nù lójú ọ̀nà. Àáfà bá tún un sọ ní èdè Hausa, láìgbé ohùn sókè. Ajẹ́lẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti etí òkun, kò gbọ́ ọ. Dókítà gbọ́ ọ, nítorí ó ti pẹ́ ní Òkè Ọya. Dókítà wá fi èdè wọn bá ajẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀ títí. Ohun tó sọ, kò sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n nígbà tó parí, ajẹ́lẹ̀ ní kí a dán an wò ní àdúgbò tiwa. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbà, àyàfi ọ̀rọ̀ iná. Wọ́n ní yàrá tí mo ti kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ àti ìyẹ̀wù yẹn gbọ́dọ̀ jó. Àáfà bẹ̀ wọ́n, wọn kò gbà.

Ní ọjọ́ tí a ó lọ, Àbú ni wọ́n rán wá. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ jáde, ó ti di ẹrù rẹ̀, nítorí òun ni yóò bá wa lọ. Èmi tẹ̀ lé e láìbo ojú. Àbú wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, ṣé àǹtí láti Ògbómọ̀ṣọ́ rèé?"

Ìyá Àgbà ní, "Mo ti gba ààwẹ̀ rẹ̀. Má tún rán mi sí òmíràn." Ó wá rí okùn tó wé mọ́ èjìká rẹ̀. "Kí nìyẹn, Àbú?"

Ìtìjú mú ọkùnrin gìrìwò yẹn. Ó ní òun kò ní fi ṣe nǹkan kan, pé ó ti mọ́ òun lára láti máa gbé e ni. Ìyá Àgbà na ọwọ́. Àbú bọ́ okùn náà léjìká, ó gbé e fún un. Ìyá Àgbà fi í sínú ẹrù, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹsẹ̀ ara wa la fi kọjá láàárín ọjà, Aṣíáwù nínú ìbòjú rẹ̀, ó fara ti èjìká Ìyá Àgbà. Àwọn tó mọ̀ wá dúró lókèèrè, wọ́n ń ṣe àdúrà fún wa. Ìyàwó Bùráímọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó wo ọwọ́ wa, ó rí i pé wọn kò dè é, ó sì wọlé.

Ahéré méjì ni àgọ́ náà nígbà tí a dé ibẹ̀, gbogbo ènìyàn papọ̀. Ohun tí Ìyá Àgbà kọ́kọ́ ṣe ni pé ó na okùn Àbú láti òpó dé òpó, ó fi aṣọ kọ́ sí i, ó ní ibí ni ti àwọn obìnrin. Nígbà tí gbogbo ìlú wá gbọ́ pé àgọ́ ti ní ìyẹ̀wù, ẹ wá wo èrò. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ìyá fi ń mú ọmọ wọn jáde láti ibi tí ènìyàn kò ní ronú kàn: inú àká, abẹ́ àgbá aró, lẹ́yìn ẹni tó ń hun aṣọ. Ó wá hàn pé àwa nìkan kọ́ ni ọlọ́gbọ́n ìlú. Mágàjí ń gbé oúnjẹ wá pẹ̀lú ìyá mi sí abẹ́ igi ẹ̀mí kan, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, wọ́n á sún sẹ́yìn, èmi á lọ gbé e. Ìyá mi á dúró lókèèrè, á béèrè Aṣíáwù. Èmi á ní ó sàn. Irọ́ ni.

Kò sàn. Tirẹ̀ le ju tèmi lọ. Ojú rẹ̀ wú pa dé, ọjọ́ mẹ́fà ni kò fi rí ìmọ́lẹ̀, a kò sì mọ̀ bóyá ojú ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà ń fi omi tútù pa á létè, èmi ń pààrọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nínú ọjọ́ mẹ́fà yẹn, ènìyàn mẹ́rin kú nínú àgọ́. Èmi àti àwọn tí egbò wọn ti gbẹ la wẹ̀ wọ́n, a sì kírun sí wọn lára, Àáfà dúró níwájú wa lókèèrè, ó ń ṣe ìmáàmù. Mo kọ orúkọ wọn sórí wàláà kí àwọn ará ilé wọn lè mọ ibi tí wọ́n sùn sí. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọ ọ́, àyè kan tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ wàláà ń wò mí.

Ní ọjọ́ keje, mo ń pa ewé dà nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Ojú òsì ti là bí ojú abẹ́rẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi."

Mo ní, "Mo wà níbí."

Ó ní, "Ẹ ti burẹ́wà o."

Mo jáde lọ jókòó sí ìdí igi ẹ̀mí. Nígbà tí ìyá mi gbé oúnjẹ dé, tó béèrè Aṣíáwù, mo ní ó sàn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó rò pé ó ti kú. Mo ní láti pariwo èébú tó bú mi kó tó gbà mí gbọ́.

Nígbà tí a padà délé, yàrá méjèèjì ti di eérú. Mo jókòó sínú rẹ̀, mo ń fi ọwọ́ tú u. Iná kì í jẹ òkúta. Ìlẹ̀kẹ̀ Aṣíáwù wà níbẹ̀, okùn rẹ̀ ló jó. Díẹ̀ là, a tún ìyókù sín. Ìgbéyàwó náà sún síwájú, kò yẹ̀. Àwọn ará ilé ọkọ kan ń kùn lórí ojú rẹ̀, ọkọ ní kì í ṣe ojú ni òun fẹ́, Aṣíáwù ni. Ó ti bímọ márùn-ún báyìí, ó sì ṣì ń bú mi.

Ní tèmi, ojú ọ̀tún mi kò ríran dáadáa ní ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ mi sì máa ń wú bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo le. Nígbà tí àwọn tó ń họ apá bá dé ọjà, mo máa ń lọ jókòó síwájú ìlà. Mo máa ń sọ fún ẹni tó bá tò pé kì í ṣe àmì owó orí, kì í ṣe àmì ológun. Mo máa ń ní kó wo ojú mi, kó wá yàn bóyá apá tàbí ojú ni òun fẹ́ kí wọ́n họ. Kì í pẹ́ kó tó na apá.

Ìwọ bàbá tí mo wí, èmi kò ní rán dógárì sí ọ. Ọ̀la ni èmi fúnra mi ń bọ̀, pẹ̀lú ìyá kan tó ti ṣe é rí. Jẹ́ kí ọmọ náà jáde kí ó tó di pé àbúrò rẹ̀ ní ẹ̀yìn ń ro òun. A ó mú un lọ́wọ́ ni. Tí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ nítorí okùn, gba ẹ̀yìn ilé mi kọjá kí o wò ó. Ìyá Àgbà kò dá a padà fún Àbú títí tó fi kú. Aṣọ la ń sá sórí rẹ̀.